Ìwé ìròyìn ló gba iṣẹ́ Satchel Paige lọ́wọ́ ìgbàgbé

Sí Olóòtú,

Ojú ìwé eré ìdárayá yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba Amẹ́ríkà dé ibẹ̀.

Wọ́n bí Satchel Paige, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, sí ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama lọ́dún 1906, ó sì ti ń fi bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, jẹun láti ọdún 1926. Òun ni ó máa ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú, kí onítọ̀hún má baà rí i gbá. Ní gbogbo ìgbà tí agbára rẹ̀ ṣì pé, líìgì ńlá ilẹ̀ náà kò gba aláwọ̀ dúdú láyè, nítorí náà inú líìgì tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra wọn ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ bíi Pittsburgh Crawfords àti Kansas City Monarchs. Ọdún 1947 ni líìgì ńlá náà tó ṣílẹ̀kùn fún Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Nígbà tí Cleveland, ẹgbẹ́ kan nínú líìgì ńlá náà, fi máa gba Paige lóṣù keje ọdún 1948, ó ti pé ẹni ọdún 42, síbẹ̀ ó borí nínú eré mẹ́fà, ó pàdánù ẹyọ kan péré, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba World Series, ife-ẹ̀yẹ líìgì ńlá náà, lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, lẹ́ni ọdún 59, ó tún ju bọ́ọ̀lù fún abala mẹ́ta tí ẹgbẹ́ Boston kò rí ayò kan jẹ. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà gbé àga tó ń fì kalẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì fi nọ́ọ̀sì tì í, kí àwọn òǹwòran lè rẹ́rìn-ín. Àwàdà olówó ni. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín sí i.

Kò sí ẹni tó lè sọ iye eré tí ọkùnrin yìí ṣe. Òun alára a máa sọ pé ó lé ní 2,500, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò sún mọ́ ọn rárá, nítorí pé ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n ṣe ní abúlé àti ní òkè òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mú kálàmù dání. Inú ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, bíi Pittsburgh Courier àti Chicago Defender, ni àwọn olùwádìí ti ṣa púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù jọ. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni líìgì ńlá náà gbé yẹ̀ wò lọ́dún 2024 tó fi ka eré àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1920 sí 1948 mọ́ tirẹ̀, tí Josh Gibson, aláwọ̀ dúdú tó kú lóṣù kìíní ọdún 1947, fi wá borí Ty Cobb, aláwọ̀ funfun inú líìgì ńlá, nínú ìṣirò àwọn tó mọ igi lò jù lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, a ṣì ń dárúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé wọn ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí a bá béèrè iye bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan gbá wọlé, ìjà ni yóò dà. Oríkì lè sọ fún wa pé akọni ni bàbá ẹnì kan. Kì í ka ayò. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ máa ń tẹ èsì líìgì Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, nígbà tí ìdíje ilé-ìwé tó wáyé nítòsí ń gba ìlà kan, láìsí orúkọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní ìdajì ojú ìwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún eré Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wọn. Kí ẹ kọ ọjọ́, pápá, èsì, àti orúkọ gbogbo àwọn tó wọ pápá pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, kì í ṣe ìnagijẹ nìkan, nítorí Leroy ni orúkọ Paige gan-an. Àwọn olùkọ́ eré ìdárayá lè máa fi èsì ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.