Làkúrègbé kì í ṣe àrùn àgbà nìkan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àròkọ yín lórí làkúrègbé dára, àmọ́ ogbó àti òtútù nìkan ló dárúkọ. Oríṣi kan wà, rheumatoid arthritis, tó ń mú ọ̀dọ́ náà: agbára tó yẹ kó dáàbò bo ara ló ń bá oríkèé jà, tí ìka á wú, tí yóò sì le láàárọ̀ débi pé dídé bọ́tìnì aṣọ á di iṣẹ́ ńlá.

Nípa irú àìsàn yìí ni ẹ̀ka ìṣègùn oríkèé ní yunifásítì ti ń wúlò jù. Ní ilé ìwádìí Kennedy ní Lọ́ńdọ̀nù, olùwádìí Marc Feldmann àti dókítà oríkèé Ravinder Maini lo ẹran ara tí wọ́n yọ láti inú oríkèé aláìsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àwo, wọ́n sì rí i pé bí a bá dí èròjà kan ṣoṣo tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, TNF, lọ́wọ́, àwọn èròjà mìíràn tó ń fa wíwú náà á rọlẹ̀. Ní 1992, wọ́n fún àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ní oògùn tó ń dí TNF lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn Charing Cross. Ara tù wọ́n kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn náà padà nígbà tí oògùn tán lára wọn, kò sì yani lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ìwòsàn pátápátá.

Ká ní dókítà tó ń rí aláìsàn kò bá olùwádìí ṣiṣẹ́ pọ̀ ni, n kò rò pé wọn ì bá tètè débẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn ìlera yín sí àwọn ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ nílé wa, kó béèrè iye tí irú oògùn yìí ń ná aláìsàn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn