Ìkéde fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń darí òṣìṣẹ́ ní NHS (ètò ìlera ìjọba Britain): ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Reserve (àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ológun mọ́ iṣẹ́ wọn)

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ìwé ìpè ogun bá dé fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín tó jẹ́ ọmọ ogun Reserve, ọjọ́ 7 péré lẹ ní láti kọ̀wé pé kí wọ́n sún un síwájú. Orí tábìlì ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni ìwé yìí sábà máa ń wà títí àkókò fi kọjá. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́.

Òfin ọdún 1985 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọmọ ogun Reserve kò gbà kí ẹ lé ẹnikẹ́ni nítorí ìpè ogun. Àmọ́ ọmọ ogun náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ajé kẹta lẹ́yìn tí iṣẹ́ ogun rẹ̀ bá parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán an létí. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀.

Ilé ìwòsàn tó bá ń wá àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí ilé-iṣẹ́ ààbò ìjọba ń fún agbanisíṣẹ́ tó ń ran ológun lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fún ọmọ ogun Reserve ní ìsinmi ọjọ́ 10, ó kéré tán, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, láìgé owó oṣù wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpín-iṣẹ́ kí ẹ tó pín iṣẹ́ alẹ́.

Fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ètò Step into Health wà, tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ ní NHS. Ní ti ọkọ tàbí aya ológun, ìṣípòpadà ló sábà máa ń fa àlàfo inú ìtàn iṣẹ́ wọn. Ẹ má fi dù wọ́n níṣẹ́.