Lẹ́tà sí Bọ̀dá Mi: Ọ̀rọ̀ Hawan Kibo

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Injiníà kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp lálẹ́ àná. Wọ́n ní tó bá di oṣù Kejìlá, àwọn tún fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Jọ́ọ̀sì, kí wọ́n gba Hawan Kibo, òkè tí a máa ń gùn kí a tó wọ Jọ́ọ̀sì, gòkè, kí wọ́n fi ṣe ìrántí yín. Wọ́n ní kí n bá àwọn nu eruku ara kẹ̀kẹ́ yín, pé ọmọ Kàbà ni yóò gùn ún, torí òun nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó tiyín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àmín ti kún orí fóònù. Èmi nìkan ni mi ò tíì fèsì. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Torí Hawan Kibo yẹn, Bọ̀dá mi, kò tíì tán nínú mi. A ti sin yín, a ti ṣe ogójì ọjọ́, a ti pín aṣọ yín. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo lórí òkè ló ṣì ń jí mi lóru. Ẹlòmíì á ní kí ni mo fi ń da ara mi láàmú. Kó máa wí.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀. A kúrò ní Nyanya ní ìdájí kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mararaba tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, ẹ ń fi àyà gba atẹ́gùn kó má bàa le jù fún àwa tí a wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí kòtò, ẹ ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé yín á na tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ yẹn á máa rìn bọ̀ títí yóò fi kan èmi tí mo kẹ́yìn. Ọwọ́ yín ni mo ń wò láti Nyanya dé Keffi, láti Keffi dé Garaku. Mi ò mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní Keffi, ìyá tó ń ta kósé, ìyẹn àkàrà, bi wá bóyá wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ wa ni. Ẹ fi Hausa Jọ́ọ̀sì yín dá wọn lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fún wa ní ènì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Akwanga, ẹ mú róòbù, ẹ ń wọ́ wa lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ jù wá lọ láti àárọ̀.

Òfin yín kò pọ̀. Ẹni tó bá yá ẹsẹ̀ kó dúró de ẹni tó rọra. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ sínú mọ́tò, àfi tó bá fara pa. Nígbà tí a ń fi òkè Ushafa kọ́ra ní ọjọ́ Sátidé, tí mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí mo ní kí ẹ jẹ́ kí n wọ ọ̀kadà padà sí Bwari, ẹ yí kẹ̀kẹ́ yín padà wá bá mi. Ẹ ń wa kẹ̀kẹ́ yín pẹ̀lú ọwọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kejì ti ẹ̀yìn mi títí a fi dé orí rẹ̀. Ẹ ní, “Àdùkẹ́, bí o bá wọ mọ́tò lónìí, mọ́tò náà ni wàá máa wá lọ́la.” Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́.

Kí ló wá dé ní Hawan Kibo?

Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè yẹn kò lè mọ bí Jọ́ọ̀sì ṣe ga tó. Ó lé ní 1,200 mítà sókè òkun. Nínú mọ́tò, etí á kàn dí díẹ̀ ni, ẹni tó ń sùn kò tilẹ̀ ní í mọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo mítà yẹn ni itan máa ń kà. Ọ̀nà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, àwọn tírélà ń fà gòkè díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń run òórùn bíréèkì tó ń jóná. Àwọn òkúta tí awakọ̀ fi há táyà ṣì wà láàárín títì níbi tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ sí, ẹ sì ti kìlọ̀ fún wa nípa wọn lálẹ́ àná rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní kí a máa lọ, pé ẹ fẹ́ wo ṣéènì yín. A lọ. Injiníà bọ́ síwájú, ọmọ Kàbà tẹ̀lé wọn, èmi ni mo kẹ́yìn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mo ti fi gíà sí èyí tó fúyẹ́ jù lọ, ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ̀n. Mo ń wẹ̀yìn kí n rí yín. Mi ò rí yín. Ibi tí òkè ti le jù, gòǹgòrò kan tó kó àpò ẹrù dé ọrùn kọjá lára mi pẹ̀lú èéfín dúdú. Mo gbójú sókè.

Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àpò yẹn. Kẹ̀kẹ́ yín wà lórí itan yín, táyà iwájú rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ nínú atẹ́gùn. Ẹ kẹ̀yìn sí Jọ́ọ̀sì, ẹ dojú kọ ìsàlẹ̀ tí a ti ń bọ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin, Bọ̀dá mi. Ẹ ò juwọ́. Ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn ń wò mí bí ìgbà tí ẹ ò mọ̀ mí rí, títí gòǹgòrò náà fi yí kọ́nà.

Nígbà tí a dé òkè, ẹ ti wà níbi àwọn àpáta Riyom, ẹ ti ra kárọ́ọ̀tì sílẹ̀ dè wá. Àwọn yòókù fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi wọ Bukuru. Ẹ ní ṣéènì ló já. Mi ò dá sí i. Ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn yín láti Riyom, ṣéènì yẹn ni mo ń wò. Èyí tí ẹ gbé kúrò ní Nyanya náà ni, epo dúdú àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó ń lọ geerege. Kò sí ibi tó já.

Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ ìkómọ Ìbejì, nígbà tó ku àwa méjì nídìí ìkòkò. Ẹ ní, “Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ àná ni, jẹ́ ká jẹun.” Ẹ sì fi ẹran sínú abọ́ mi. Ibẹ̀ ni ẹ gbé e sí.

Màmá ló sọ apá kan fún mi lẹ́yìn tí ẹ kú, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí òtútù bá mú. Wọ́n sọ bí ìwakùsà ṣe kó èrò lọ síbẹ̀, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe bá òwò dé ibẹ̀, bí Bàbá ṣe ní ìsọ̀ aṣọ nínú ọjà ńlá ní Terminus. Wọ́n dé orí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, tí ìlú dàrú. Mo mọ̀ pé gòǹgòrò la fi kúrò. Mo mọ̀ pé orí ẹsẹ̀ Màmá ni mo sùn sí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Bàbá ní kí ẹ gun orí ẹrù, kí ẹ kọjú sẹ́yìn, kí ẹ máa wò ó kí nǹkan kan má jábọ́. Màmá ní bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, àwọn ń gbọ́ tí ẹ ń ka ẹrù sókè: bẹ́ẹ̀dì, àpótí, ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀dì, àpótí, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọdé tí kò tíì parí sẹ́kọ́ńdírì. Ìsọ̀ tí Bàbá tì pa, tí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, ó jóná pẹ̀lú gbogbo ọjà nínú oṣù Kejì ọdún 2002. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ bá wọn sunkún, Màmá ní ẹ kàn lọ pọnmi ni.

Ṣé ohun tí ẹ lọ ṣe lórí gòǹgòrò nìyẹn? Ṣé ẹ fẹ́ fi bí ẹ ṣe jáde wọlé padà ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló ní kí ẹ fi mí sílẹ̀ lórí títì? Inú gòǹgòrò kan náà ni èmi pẹ̀lú yín wà. Pé mo sùn kò sọ pé mi ò sí níbẹ̀.

Tàbí ọkàn yín ni. Nígbà tí mo tú àpò kékeré abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín, mo bá páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan níbẹ̀ láàárín róbà táyà àti kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì. Wọ́n ti lò ó dé ìdajì, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Injiníà. Wọ́n ní tàwọn ni, pé àwọn ló fún yín kí ẹ bá àwọn gbé e nígbà náà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni àbí wọ́n fẹ́ kí n sùn. Dókítà tó gbà yín wọlé ní ọsibítù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀ bi Ìyá Ìbejì pé ọdún wo ni ẹ ti ń lo oògùn. Ìyá Ìbejì ní oògùn wo?

Bọ̀dá mi, ẹ ò ṣeun. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì gbé e jókòó sórí òkè níbẹ̀ níwájú ojú mi, ẹ fún mi ní kárọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ wọ́ ẹsẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹ ò jẹ́ kí ẹnì kankan fọwọ́ kan tiyín. Mo fẹ́ràn yín débi pé tí mo bá rí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì Kubwa, àyà mi á já. Inú ṣì ń bí mi sí yín.

Mi ò tún fara mọ́ ìrìn oṣù Kejìlá yẹn, mo sì máa sọ fún Injiníà. Ọ̀nà tí a gbà ní 2016 kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe pa ènìyàn ní agbègbè Barkin Ladi nínú oṣù Kẹfà ọdún 2018. Ti Bokkos ní àjọ̀dún Kérésì 2023 ṣì wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn. Àwọn bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ máa fi kẹ̀kẹ́ rọra kọjá níbẹ̀ nítorí ìrántí. Kí wọ́n gun Ushafa. Bí wọ́n bá gun Ushafa, màá fún ọmọ Kàbà ní kẹ̀kẹ́ náà, kó tilẹ̀ máa mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí fún yín. Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wà báyìí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, oògùn ojú ni wọ́n ń kán láàárọ̀ àti lálẹ́, owó rẹ̀ sì ti di ìlọ́po bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, owó ọkọ̀ láti Kubwa dé ọ́fíìsì ń jẹ owó oṣù mi lójú mi. Onílé ní òun fẹ́ gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n máa ń pè yín tẹ́lẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè: páánù ilé Bàbá ti ṣí, ààlà ilẹ̀ ti yẹ̀, ẹnì kan ti kú, kí ni ọmọ Bàbá máa mú wá? Wọn ò bi mí bóyá mo lè ṣe é. Ohùn tí wọ́n fi ń bá yín sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bíi pé ìwé kan wà níbì kan tí ẹ ti fọwọ́ sí pé kí wọ́n gbé e fún mi. Ẹ tún ti bọ́ sínú mọ́tò, Bọ̀dá mi, èmi ni mo wà lórí títì.

Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé. Wọn ò fẹ́ Àbújá mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó síbi tí Bàbá sùn sí kí ojú tó dí tán. Ọkọ mi ní kí wọ́n ní sùúrù. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni mo rò, mo rántí àwọn tí wọ́n jí gbé lójú ọ̀nà yẹn. Mo ro ti Bídà, wọ́n ní ọ̀nà yẹn lè fọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà. Àná, wọ́n ní kí n wá pàtẹ ẹrù wọn fún wọn kí àwọn mọ ohun tí àwọn máa gbé. Mo pàtẹ rẹ̀. Wọn ò rí i dáadáa, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè fún àwọn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni a ń lọ. Mo ní lẹ́yìn tí dókítà bá wo ojú wọn ní Ọjọ́rú.

Mi ò tíì mọ ẹni tó máa bá wa lọ.

Àbúrò yín,
Àdùkẹ́