Ìkéde: Àwòrán inú ihò àpáta fún àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ inú ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, ní yàrá ìpàdé wa, a ó fi àwòrán tí àwọn ará ìgbàanì yà sára ògiri ihò àpáta han àwọn ọmọ ọdún 4 sí 7. Fọ́tò ẹṣin àti màlúù inú ihò Lascaux ní ilẹ̀ Faransé la ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1963 ni wọ́n ti ti ihò náà mọ́ àlejò, torí èémí èèyàn ń ba àwòrán jẹ́. A ó pa iná, a ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Àwọn ọmọ á rí i bí ẹṣin ṣe ń dà bí ẹni ń rìn.

Lẹ́yìn náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á tẹ́ ọwọ́ sórí bébà, a ó fọ́n ọ̀dà pupa yí i ká. Ẹnu ni àwọn ará ìgbàanì fi ń fẹ́ ọ̀dà yí ọwọ́ ká láyé ọjọ́un. Ike ìfọ́nmi làwa ó lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán ti ẹnu wò nílé!

Aṣọ tó ti gbó ni kí ẹ wọ̀ fún wọn. Ẹ mú eédú díẹ̀ dání. Ẹ dúró ti ọmọ yín, torí òkùnkùn.

Ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ́lẹ̀ jù, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́