Fídíò kì í dáhùn: ọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń gbọ́ èdè

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde, tó ní kí òbí máa gbé fídíò tó ń kọ́ni lédè síwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ló mú mi kọ̀wé yìí. Inú rere ni òǹkọ̀wé náà fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọmọdé ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò fínnífínní, ibi tí wọ́n já sí sì yàtọ̀.

Ní 2010, Judy DeLoache àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn ọmọ oṣù 12 sí 18 sọ́nà mẹ́rin. Àwọn kan ń dá wo fídíò tó ń dárúkọ nǹkan inú ilé, àwọn kan ń wò ó pẹ̀lú òbí. Àwọn kan kò rí fídíò rárá. Òbí wọn ni wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ pé kó máa fi kọ́ ọmọ bó bá ṣe rí àyè. Àwọn tó kù, wọn ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, àwọn tó wo fídíò kò mọ̀ ju àwọn tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún lọ. Àwọn tí òbí fẹnu ara rẹ̀ kọ́ ló mọ̀ jù. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òbí tó fẹ́ràn fídíò náà gan-an ló ń sọ pé ọmọ òun kọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ò sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, "ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ mi" tí ẹ tẹ̀ jáde kò tíì tó ẹ̀rí.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 2003, Patricia Kuhl mú àwọn ọmọ oṣù 9 ní Amẹ́ríkà tí wọn ò gbọ́ èdè Ṣáínà rí. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ẹni tó ń sọ èdè náà wá kàwé fún wọn, tó sì bá wọn ṣeré, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dán wọn wò. Ọmọ jókòó lórí itan òbí. Wọ́n fi orin dí òbí létí kó má baà fara sọ fún ọmọ. Ẹ̀rọ ń pe ìró èdè Ṣáínà kan náà léraléra. Bí ìró bá yí padà tí ọmọ sì yíjú, àpótí kan á tanná, ohun ìṣeré inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ kò ní yíjú. Àwọn tó bá èèyàn ṣeré gbọ́ ọ. Àwọn tó wo àwọn èèyàn kan náà nínú fídíò, fún iye àkókò kan náà, kò gbọ́ ju ẹni tí kò gbọ́ èdè náà rí lọ.

Kí ló fà á? Ọdún yẹn kan náà ni Michael Goldstein pín àwọn ọmọ oṣù 8 sí apá méjì. Ó ní kí ìyá àwọn ti àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sún mọ́ ọmọ, kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án kété tó bá ti pohùn. Ọmọ ti apá kejì rí ẹ̀rín àti ìfọwọ́kàn tó pọ̀ bákan náà, àmọ́ kì í ṣe ìgbà tí òun pohùn. Ohùn àwọn ti àkọ́kọ́ nìkan ló yára ń dà bí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rín kò dín. Àsìkò rẹ̀ ni kò bọ́ sí i. Ohun tí fídíò kò ní nìyẹn. Ìpè fídíò tí ẹni tọ̀hún ti ń rí ọmọ, tó sì ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀: ìwádìí 2014 rí i pé ọmọ oṣù 24 sí 30 kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun nínú rẹ̀.

Fún ọmọ tuntun, ẹ gbé ojú yín sún mọ́ ọn, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, torí kì í ríran jìnnà. Ẹ sọ gbólóhùn kúkúrú kan, kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ ka ení dé àrún nínú yín. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ìdákẹ́ náà ń ni wọ́n lára, wọ́n á sì ti tún sọ òmíràn kí ọmọ tó rí ohùn mú jáde. Ohunkóhun tó bá fi dáhùn, ìbáà ṣe ìwò tàbí kó kan fẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́, ẹ gbà á bí èsì. Bó bá ń wo bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ni kí ẹ dárúkọ, kì í ṣe ṣíbí tó wà lọ́wọ́ yín. Bó bá gbójú kúrò, ẹ má fi ojú yín lé e kiri. Ó ń sinmi ni, á padà.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò náà.

Ọmọ tí kì í yíjú sí ohùn, tàbí tó ti lé ní oṣù 10 láìtíì máa pe "ba-ba-ba," ẹ má wá fídíò fún un. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí ọmọ wò, ẹ má dúró dìgbà tó bá pé ọdún kan.

Èmi ni òǹkàwé yín.