Lẹ́tà sí Àǹtí Kékeré

Àǹtí Kékeré mi,

Wọ́n ṣe ìrántí ọdún kan yín lọ́jọ́ Sátidé, mo wò ó lórí WhatsApp láti Manchester níbí. Gbogbo ẹbí wọ àdìrẹ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ń dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ bẹ́ ẹ ṣe jẹ́ akíkanjú tó, bẹ́ ẹ ṣe ta aṣọ n'Ítòkú títí tẹ́ ẹ fi kọ́lé. Inú mi dùn, mo tún sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ ọdún tẹ́ ẹ bímọ. Wọ́n fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

Kò yà mí lẹ́nu, bá a ṣe máa ń ṣe nínú ẹbí wa náà nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó máa ká mi lára báyìí ni pé èmi náà ti lóyún, Àǹtí. Ọjọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ń bi mí léèrè lóríṣiríṣi, ṣé mò ń mu sìgá, ṣé ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ẹbí, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà ńbẹ̀, èmi náà ń dáhùn rárá, rárá, àfìgbà tó béèrè pé ṣé ìyá mi tàbí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi ti ní àìsàn ọpọlọ tó le lẹ́yìn tó bímọ rí. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe màmá mi ná.

Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí Màmá ti pariwo. "Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìran wa! Láti ọ̀dọ̀ bàbá mi títí dé ọ̀dọ̀ ìyá mi!" Mo ní Àǹtí Kékeré ńkọ́? Ó ní ibà ni.

Ibà! Ibà wo ló ń jẹ́ kéèyàn máa fọ aṣọ ọmọ láàárín òru, aṣọ tó ti mọ́, tó ti gbẹ, kó tún kó o padà sómi, kó ní òórùn òkú ń bẹ lára ẹ̀? Ẹ ò sùn, kò sì rẹ̀ yín. Oyin àti orógbó tí wọ́n rà sílẹ̀ fún ìkómọ, ẹ dà á sí kòtò lẹ́yìnkùlé torí ẹ ní ìyá ọkọ yín ti fi nǹkan sí i. Ọmọ náà ò tíì ní orúkọ nígbà yẹn. Lóòótọ́ ṣá, mo kà á pé àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà tàbí kòkòrò tó wọ ara nígbà ìbímọ ló ń darí ọpọlọ, torí náà mi ò ní Màmá ń purọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ yín wò nígbà yẹn. Àwọn ará Láfẹ́nwá ò tiẹ̀ fi bò, abísínwín ni wọ́n ń pè é lẹ́nu ọ̀nà wa ketekete.

Mo ti kà nípa ẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Nínú ẹgbẹ̀rún kan obìnrin tó bá bímọ, ó máa ń mú ẹnì kan tàbí méjì, kì í sì í pẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà míì ọjọ́ mélòó kan péré. Òyìnbó, Yorùbá, ará Íńdíà, kò mọ ẹ̀yà. Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Marcé ti kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1858. Ohun tó ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú ni ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Tiwa, ìyá ọkọ ni, tàbí ayé, tàbí kí wọ́n ní kí obìnrin náà jẹ́wọ́ ọkùnrin tó ń yàn lálè. Ní Texas lọ́hùn-ún, Andrea Yates ri ọmọ ẹ̀ márààrún sómi ilé ìwẹ̀ ní 2001, ó gbà pé òun fi ń gbà wọ́n lọ́wọ́ Sátánì ni. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún un ṣáájú kó má bímọ mọ́ o. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n gbére ní 2002, ó di 2006 kí ilé ẹjọ́ tó ní kò jẹ̀bi torí orí ẹ̀ ò pé lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ti ṣòfin láti 1922 pé ìyá tí ọpọlọ ẹ̀ dàrú torí ìbímọ, tó wá pa ọmọ ọwọ́ ẹ̀, kì í ṣe apààyàn bí apààyàn yòókù. Ẹ̀rù ba mí nígbà tí mo ka ìyẹn. Mo ti fóònù pa, mo dìde lọ rokà.

Torí mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ yín fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Màmá fẹ́ lọ wá wòlíì, ó fi mí jókòó sórí ẹní, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Tó bá ní kó o gbé e fún òun, o ò gbọdọ̀ gbé e fún un o." Kó tó lọ, ó kó ọ̀bẹ ilé ìdáná, abẹ, sísọ́ọ̀sì, ó kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ ìró ẹ̀, kò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá wọlé. Iwájú búláọ̀sì yín rin gbingbin, omi ọyàn ti dé ìdí ìró. Ẹ ò pariwo. Ojú yín mọ́ kedere, ẹ fi oríkì pè mí, ẹ ní, "Gbé e fún mi, jọ̀ọ́, ọmú yìí fẹ́ẹ̀ bẹ́." Mo di ọmọ náà mọ́ra. Àǹtí, ẹ kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin, fún èmi ọmọ kékeré! Mi ò gbé e fún yín.

Mo wá kà á báyìí pé àìsàn náà máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ara lè yá fún wákàtí kan kó tún yí padà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀ yẹn ni àbí òun ni? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ fún mi.

Ó di ọjọ́ kejì, wọ́n gbé yín lọ sílé àdúrà kan, wọ́n fi ṣéènì sí yín lẹ́sẹ̀. Láti Láfẹ́nwá sí Àrò, ṣé ibẹ̀ jìn ni? Láti 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti ń jẹ́ kí ẹbí aláìsàn bá a gbé níbẹ̀, kí wọ́n máa dáná fún un, kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé. Níbí, wọ́n ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gba ìyá àti ọmọ sí papọ̀, kí wọ́n má bàa ya wọ́n. Wọ́n á fún un ní oògùn, wọ́n á jẹ́ kó sùn, ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò pátá. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ní orúkọ ọmọge tó bá ti wọ Àrò ti bàjẹ́. Ṣéènì ò ba orúkọ jẹ́.

Ibi tó ń dùn mí sí rèé o: ẹ yá, ẹ padà wálé, ẹ gbé ayé títí. Ẹ wá síbi ìgbéyàwó mi, ọwọ́ yín lẹ fi wé gèlè fún mi, ẹ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wà á bí, wà á tọ́." Àwa méjì péré la wà nínú yàrá yẹn. Ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan?

Ọkọ mi ní kí n má sọ nǹkan kan fún nọ́ọ̀sì, ó ní social services, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, á wá gbọ́mọ lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kì í sí nílé lóru. Wọ́n sì ti já fíìsà Màmá kalẹ̀, ta ló máa gbọ́mọ kí n lè sùn? Oorun yìí gan-an ni wọ́n ní kí n má fi ṣeré. Mo ti pinnu, mo máa sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ aboyún máa pè mí lọ́jọ́bọ̀, ó fẹ́ mọ ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe pẹ́ tó, ṣé ẹ ti ń ṣe é rí kẹ́ ẹ tó lóyún. Ó ní tó bá jẹ́ àǹtí ni, ó yẹ káwọn mọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá tó bí mi, ìyẹn tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi nìkan ni Màmá bí, Àǹtí. Ọ̀tà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ni wọ́n ti tọ́ mi títí mo fi rìn, wọ́n ní Màmá ń ṣòwò. Mo sì ń rántí bó ṣe mọ ibi tí gbogbo ọ̀bẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Ta ló gbé èmi dání nígbà tèmi? Ṣé ẹ̀yin ni?