Lẹ́tà Ìparí Táàmù Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Owó Láàbù, àti Ẹ̀rọ Àwọn Ọmọ JETS

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí ìparí táàmù kejì láyọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní bàjẹ́ láṣẹ Èdùmàrè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó láàbù ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń wá nínú lẹ́tà yìí, mò ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tó kù.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa ti ilé ẹ̀kọ́, aago méjìlá ọ̀sán la máa ju àwọn ọmọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè wá mú àwọn kékeré. Èsì mock SS3 ti jáde, Gẹ̀ẹ́sì dáa, Maths ò burú, Chemistry ò ṣeé fi yangàn rárá, a ti bá tísà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn SS3 ò ní họlidé gígùn nítorí WAEC, ẹ̀kọ́ àfikún máa wà láàárọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Yellow House ló gba ife inter-house, ẹ bá wa kí wọn. Irun tí wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá àárín sí, a ò gbà á, bó ti wù kí bàbá ọmọ náà lówó tó. Fóònù tá a bá gbà lọ́wọ́ ọmọ, òbí gan-an ló máa wá gbà á, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe dírébà. Ìpàdé PTA máa wáyé ní Sátidé kejì lẹ́yìn tá a bá wọlé, aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́wàá náà ni mo sọ o.

Ó yá, owó láàbù.

Láti táàmù tó ń bọ̀, owó náà máa kúrò ní 2,000 náírà, ó máa di 5,000 náírà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti JSS3 dé SS3. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sórí WhatsApp, títí kan èyí tẹ́nì kan kọ ní aago kan òru. Ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ni pé 2,000 yẹn, àtìgbà tí lítà epo bẹtiróòlù kan ò tíì tó 200 náírà la ti ń gbà á, kó tó di 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin náà sì ń lọ sọ́jà, ẹ mọ ohun tójú ń rí. Gáàsì inú láàbù lọ́wọ́n, ásíìdì lọ́wọ́n, ìgò tí ọmọ bá fọ́ lọ́wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ ni mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ. Gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ bọ́sà, òbí tó bá fẹ́ rí i kó wá, a máa fún un ní àga, á kà á títí tó fi máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àmọ́ kí n má pa irọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe iye owó náà nìkan ló ń bí ẹlòmíì nínú. Fídíò yẹn ni, ti ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ JETS Club, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa, ṣe. Fídíò tí hóró fóòmù funfun kan dúró sí àárín òfuurufú láìsí okùn, láìsí ọwọ́, tí ọmọ kan sì ń pariwo lẹ́yìn pé "egbé rèé o!" Ọmọdé ló ń ṣeré, ọ̀rọ̀ wá di pé ilé ẹ̀kọ́ wa ń kọ́ ọmọ lóògùn, pé owó òògùn la fẹ́ máa gbà. Ìyá kan yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú JETS Club lọ́jọ́ kejì. Bàbá kan mú wòlíì wá láti wá gbàdúrà sí láàbù. Mi ò bínú sí àdúrà o, èmi náà ń gbàdúrà, mo tiẹ̀ ṣe àmín, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní ká dáná sun ẹ̀rọ náà, mo ní kí wọ́n máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Mo dúró ti tábìlì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin SS2 kan fi ẹ̀mú kékeré mú hóró fóòmù, fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n ni o, ó rọra tì í bọ àárín abọ́ méjì tó kọjú síra, ó tú ẹ̀mú sílẹ̀, hóró náà ò jábọ́, ó ń mì tìtì díẹ̀, ó wá dúró. Ẹnu mi là, mi ò lè parọ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni NEPA mú iná lọ, hóró náà sì já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣé òògùn ló ń dúró de NEPA?

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ò ṣòro. Transducer ni wọ́n ń pe àwọn agolo kékeré onírin tó wà nínú abọ́ yẹn, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 10, tí iná bá ti wọ inú ẹ̀, ojú ẹ̀ á máa gbọ̀n nígbà 40,000 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Ó ń pariwo, ariwo gidi, àmọ́ etí èèyàn kì í gbọ́ ohun tó bá ti ju nǹkan bí 20,000 lọ, ìdí nìyẹn tí láàbù fi dákẹ́ rọ́rọ́ nínú fídíò. Àwọn ọmọ to transducer 36 sókè, 36 sísàlẹ̀, ariwo tòkè àti tìsàlẹ̀ wá ń pàdé láàárín. Tẹ́ ẹ bá rántí bí ọmọdé méjì ṣe máa ń di okùn mú lápá ọ̀tún àti òsì tí wọ́n á máa jù ú kíákíá, apá kan lára okùn á máa fò sókè sódò, ojú ibì kan á wà tí ò ní kúrò lójú kan rárá. Irú ojú ibẹ̀ yẹn ni hóró fóòmù ń jókòó sí, tó bá fẹ́ yẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n láyìíká ẹ̀ á tì í padà.

Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan tí ojú ọjọ́ bá wà ní dígíríì 20, ẹ pín in sí 40,000, gígùn ìgbì ìró kan á jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 8.6, ibi ìdúró kan sí èkejì á wá jẹ́ ìdajì ẹ̀, 4.3. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n ń gbé fi gbọ́dọ̀ kéré jọjọ. Òbí tó ní a máa fi gbé ọmọ òun sókè, kó fọkàn balẹ̀. Tísà Físíìsì sì ní kí àwọn ọmọ tún un ṣírò fún dígíríì 32, torí ìró máa ń yára sí i tí ooru bá mú, láàbù wa sì gbóná, a ò lè tan fáànù níbẹ̀ torí atẹ́gùn rẹ̀ á gbá hóró náà lọ. Ìgbì tó ń dúró lójú kan yìí wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ WAEC, ẹ wò ó nínú ìwé ọmọ yín.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ wa ló dá a sílẹ̀. Láti 1866 ni August Kundt, ọmọ Jámánì, ti da lẹ́búlẹ́bú sínú ọ̀pá gíláàsì tó sì fi ìró kó o jọ ní òkìtì òkìtì. Irú èyí tí àwọn ọmọ wa ṣe, TinyLev lorúkọ ẹ̀, Asier Marzo, Adrian Barnes àti Bruce Drinkwater ní Yunifásítì Bristol nílùú Ọba ló gbé e jáde ní 2017, wọ́n sì ju bí wọ́n ṣe ṣe é síta fún gbogbo ayé kí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe é nílé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Argonne ti fi irú ìró yìí gbé ẹ̀kán oògùn sókè kó má bàa fara kan ìgò kankan, oògùn ilé ìwòsàn ni mò ń sọ o, ẹ má tún gbà mí gbọ́ sódì. Ní Ṣáínà, ní 2006, wọ́n gbé èèrà àti ẹja kékeré. Àwọn ọmọ wa gbọ́ ìyẹn ni wọ́n bá lọ mú ọmọ aláǹgbá wá. A ti dá aláǹgbá náà padà sídìí ògiri, kò sì gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yìí ṣe, torí inú mi dùn sí wọn ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ tú sensor HC-SR04 kan, èyí tí àwọn tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí, wọ́n yọ transducer méjì ara ẹ̀, wọ́n kọjú wọn síra, hóró bíńtín kan sì dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bá mi fún ẹ̀rọ ńlá. Abọ́ ẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ní 3D printer n'Ìbàdàn ló bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde, Arduino Nano, kọ̀ǹpútà bíńtín kan, ló ń pàṣẹ, L298N, pátákó iná kékeré kan, ló ń fún un lágbára, iná fóòltì 12 ló ń lò. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, kò gbé nǹkan kan. Transducer kọ̀ọ̀kan ló ní ẹsẹ̀ méjì, tí ẹ bá yí ọ̀kan padà, òun á máa fà nígbà tí àwọn tó kù bá ń tì, àmì tí wọ́n kọ sára ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò sì ṣeé gbára lé. Àwọn ọmọbìnrin méjì ló tú gbogbo 72 jáde, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ẹsẹ̀ tó yẹ. Kútẹ́ẹ̀sì nìyẹn nìkan tó tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú àṣẹ mi.

Lórí ewu: òótọ́ ni pé ọmọ SS1 kan fi ìka kan irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò. Nọ́ọ̀sì tọ́jú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìka ti san, ọmọ náà ti padà sídìí iṣẹ́. Ọmọ tó ń dín dòdò nílé náà máa ń jóná. Síbẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti jígí ojú wà lára ohun tí 5,000 yẹn máa rà. Ìró ẹ̀rọ náà kì í wọ ara, awọ èèyàn máa ń dá èyí tó pọ̀ jù padà, àmọ́ a ò gbà kí ọmọ kankan gbé etí sí àárín abọ́, a kì í sì tàn án pẹ́, torí transducer ń gbóná. Ajá ọlọ́dẹ wa nìkan ló ní ẹjọ́ láti rò, torí ajá ń gbọ́ tó nǹkan bí 45,000, tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ báyìí, á pa etí ẹ̀ méjèèjì lẹ̀, á kó ara ẹ̀ kúrò níwájú láàbù, ó di géètì.

Torí náà, ẹ̀rọ náà ò ní kúrò, owó náà ò sì ní wálẹ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ò bá rọrùn fún lè san án lẹ́ẹ̀mejì, 3,000 lọ́jọ́ ìwọlé, 2,000 kó tó di àárín táàmù, kó kọ̀wé sí bọ́sà. Ẹni tí nǹkan le fún gan-an, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì, àárín èmi àti ẹ̀ ni, a ò ní lé ọmọ kankan sílé nítorí owó láàbù. Àmọ́ òbí tó bá ní òun ò san torí pé òògùn ni, kò gbọdọ̀ rò pé ọmọ òun máa wọ láàbù fún practical WAEC lọ́fẹ̀ẹ́.

Fọ́ọ̀mù kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọmọ tó bá fẹ́ wà nínú JETS Club, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ọmọ mú un wá lọ́jọ́ ìwọlé. Ìyá tó yọ ọmọ rẹ̀, àyè ọmọ náà ṣì wà, òun ló mọ ìdí Arduino yẹn jù. Lọ́jọ́ ìpàdé PTA, wọ́n máa tan ẹ̀rọ náà fún gbogbo yín, ẹ ó wọlé ní mẹ́wàá mẹ́wàá torí láàbù ò gba ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ má ṣe fi bébà fẹ́ ara yín níbẹ̀ bó ti wù kí ooru mú tó.

Ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde o, ká bára wa láyọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́